Ṣé ọ̀nà ni PATH? Ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ni bí a ṣe ń gbé Python ka orí Windows

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ọ̀rọ̀ márùn-ún tí ẹ dábàá fún ìwé pélébé tí a fẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà nílùú Òṣogbo: Òjòlá fún Python, èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ìfisílẹ̀ fún gbígbé e sórí ẹ̀rọ, ọ̀nà fún PATH, ògbufọ̀ fún ohun tó ń ka iṣẹ́ tí a kọ, àti ìfàsẹ́yìn fún àlàfo tó ń ṣáájú ìlà. Ọ̀kan ni mo gbà bó ṣe wà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi wọ̀n wọ́n: bí nǹkan bá bàjẹ́ lójú ẹ̀rọ, ṣé ọ̀rọ̀ náà á jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tó ti bàjẹ́?

Orúkọ àbísọ ni Python. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé e jáde lọ́dún 1991, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, kò sì ní ejò lọ́kàn. Orúkọ eré ẹ̀fẹ̀ kan lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mú. A kì í túmọ̀ orúkọ ẹni. Ẹni tó bá sì tẹ òjòlá sínú fèrèsé àṣẹ (cmd), níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò ní dá a lóhùn.

Ìfisílẹ̀ ń kọ́? Bí a bá ní kí ọmọ fi Python sílẹ̀, á fi í sílẹ̀ lóòótọ́, á bá tirẹ̀ lọ. Gbé kalẹ̀ ló yẹ. Bákan náà, ẹ jẹ́ ká yẹra fún “sáré” tí àwọn kan ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí iṣẹ́ tí wọ́n kọ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó ń sáré níbẹ̀. “Mú un ṣiṣẹ́” ti tó.

Ọ̀nà ló ń dà mí láàmú jù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀nà á rò pé títì kan ló já sílé Python. PATH kì í ṣe títì. Àkọsílẹ̀ fódà ni, tí àmì “;” pín wọn níyà, tí Windows ń yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan nígbàkígbà tí a bá tẹ orúkọ àṣẹ kan. Ẹ fojú inú wò ó bíi pé a rán ọmọ kan láti Òkè-Fíà pé kó lọ pe Àlàbí wá, tí a sì kọ ojúlé mẹ́fà fún un. Yóò kan ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́. Bí Àlàbí kan bá jáde níbẹ̀, ó parí nìyẹn, ọmọ náà ò ní dé ilé kejì. Bó bá kan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí kò rí i, á padà wá wí pé òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ nìyẹn tó bá kọ ọ́ pé “python is not recognized”. Python wà nílé o, ojúlé rẹ̀ ni a kò kọ.

Ìdí tí a kò fi kọ ọ́ ni pé ní ojú ìwé àkọ́kọ́ tó yọ nígbà tí a ń gbé e kalẹ̀, àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ “Add python.exe to PATH” sí lára. Òfìfo ni wọ́n fi í sí, ẹni tó bá sì ti ń kánjú á tẹ Install Now kọjá. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ó tún fáìlì tó fi gbé Python kalẹ̀ ṣí, kí ó tẹ Modify, kí ó tẹ Next, kí ó wá mú “Add Python to environment variables”. Lẹ́yìn náà, kí ó pa fèrèsé àṣẹ tó wà níta, kí ó ṣí tuntun. Ìgbà tí fèrèsé bá ń ṣí ló ń gba àkọsílẹ̀ yìí sọ́wọ́. Èyí tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ dà bí ọmọ tó ti jáde kí a tó fi ojúlé keje kún ìwé, ìwé àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ìpele yìí ń já kulẹ̀, tí wọ́n á sì rò pé àtúnṣe náà kò ràn.

Ìṣòro míràn ni kí Python méjì wà lórí ẹ̀rọ kan. Windows máa ń yẹ àkọsílẹ̀ ti gbogbo ẹ̀rọ wò kó tó kan ti oníṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà Python tí ohun èlò mìíràn gbé wá lè máa jẹ́ ìpè ṣáájú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé kalẹ̀. Kí ó tẹ where python nínú cmd, á rí gbogbo wọn bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Bó bá jẹ́ pé Microsoft Store ló ń ṣí nígbà tó tẹ python, ìyẹn ń wá láti ibi tí wọ́n ń pè ní App execution aliases nínú Settings. Kí ó pa ti python níbẹ̀. Nítorí gbogbo èyí, ojúlé ni mo dábàá dípò ọ̀nà.

Ògbufọ̀ ni mo gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí oníwàásù ń sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ àlàyé tí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀, pé ó ń ka ìlà kan, ó ń ṣe é, kó tó ka èkejì, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Python máa ń ka fáìlì náà láti òkè délẹ̀ ná, á yí i sí èdè inú tirẹ̀, kó tó ṣe ìlà kìíní. Ìdí nìyí tí àkámọ́ tí a gbàgbé láti pa dé ní ìlà 40 fi ń dá print, àṣẹ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀rọ, tó wà ní ìlà kìíní dúró. Bó bá jẹ́ orúkọ la ṣì kọ ní ìlà 40, èyí tó ṣáájú á ti ṣiṣẹ́. Ògbufọ̀ tó kọ́kọ́ ka lẹ́tà tán kó tó la ẹnu ni.

Ìfàsẹ́yìn burú fún etí. Àlàfo 4 síwájú ìlà kì í ṣe ìfàsẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni. Mo dábàá ìsúnsínú. Kí a sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi àlàfo sún ìlà kan, tó fi Tab sún èyí tó tẹ̀ lé e, àṣìṣe tó ń jẹ́ TabError ló máa rí.

Èsì ẹ̀gbọ́n:

Àbúrò, o ṣeun. Mo ti ju Òjòlá nù, mo sì gba ìsúnsínú. Ojúlé ni n kò gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe ibi tí à ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojúlé. Bí ìwé wa bá ní kí wọ́n ṣàtúnṣe ojúlé, Chrome ni wọ́n máa ṣí. Àtẹ ìwákiri ni mo fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò tíì fọwọ́ kàn, encoding, ìyẹn àdéhùn tí ẹ̀rọ fi ń sọ lẹ́tà di nọ́ńbà. Àrokò ni mo fẹ́ ká pè é. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, ṣùgbọ́n owó lásán ni lójú ẹni tí kò mọ àdéhùn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni báìtì, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń pa lẹ́tà mọ́. Nínú àdéhùn tó ń jẹ́ UTF-8, lẹ́tà ẹ jẹ́ báìtì mẹ́ta: E1 BA B9. Windows tí a ṣètò fún Gẹ̀ẹ́sì ń fi cp1252, àdéhùn mìíràn, tú u, ó sì ń rí áº¹. Fáìlì tí a kọ “ẹja” sí á ṣí, ṣùgbọ́n áº¹ja ni yóò jáde. Lẹ́tà ọ ní tirẹ̀ jẹ́ E1 BB 8D, cp1252 kò sì ní ohunkóhun fún 8D. Fáìlì “ọjà” kò ní ṣeé kà rárá, àṣìṣe UnicodeDecodeError ni, á sì dárúkọ 0x8d. Títí dé Python 3.14, a gbọ́dọ̀ kọ encoding="utf-8" sínú open, àṣẹ tí a fi ń ṣí fáìlì.

Kí a má sì ṣe túmọ̀ venv, fódà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó ohun èlò Python tirẹ̀ sí, sí àyíká àfojúrí. Ìlú aró ni Òṣogbo. Ìkòkò ni ká pè é: kálukú pẹ̀lú aró tirẹ̀, ohun tó bá ba ti ìhín jẹ́ kò dé ọ̀hún.

Èsì àbúrò:

Ẹ̀gbọ́n, àrokò wọ̀ mí lára. Ìkòkò náà dára, ó tilẹ̀ ṣàlàyé ohun kan tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Bí a bá ti fi py -m venv ikoko dá a, tí a fi ikoko\Scripts\activate ṣí i, a kò lè gbé e lọ sí fódà mìíràn, torí pé àdírẹ́sì ibi tí a ti dá a ti wà nínú àwọn fáìlì rẹ̀. Wọn kì í gbé ìkòkò tí aró kún inú rẹ̀ kiri. Ńṣe la ó dá òmíràn síbi tuntun. Bí PowerShell, fèrèsé àṣẹ mìíràn lórí Windows, bá kọ̀ láti ṣí i, kí wọ́n lo cmd.

Lórí PATH, mo fi ojúlé sílẹ̀. Àtẹ nìkan ni n kò gbà, nítorí gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ lójú ń rí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sọ èyí tó ṣáájú. Bí Python méjì bá wà, èyí tó ṣáájú gan-an ni ìbéèrè. Ẹ gbà mí láàyè kí n kọ ọ́ ní àtò ìwákiri, kí n sì fi where python sí abẹ́ rẹ̀.