Eré dókítà lórí tẹlifíṣọ̀n: ṣé iṣẹ́ tó péye lẹ ń wá ni, àbí ohun tó ń mú omi bọ́ lójú?

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu yín.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkọ mi ò bá ilé ìwòsàn tan rárá, àmọ́ kò sí eré dókítà tó máa jáde tí kò ní wò. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, àwa méjèèjì la jọ jókòó. Nínú eré náà, ọkàn aláìsàn kan ṣàdédé dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìlà ojú ẹ̀rọ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ sì ń han gooro. Dókítà pariwo pé kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, ó gbé irin méjì lé ọkùnrin náà láyà, iná gbé e sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ọkàn sọjí. Kò pẹ́ kò jìnnà, aláìsàn ti lajú, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọkọ mi ń nu ojú.

Ni mo bá la ẹnu, mo ní ìlà tó bá ti tẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba iná. Ọkàn tó ń gbọ̀n rìrì tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́, òun la máa ń fi iná gbá kó lè padà sójú ìlù rẹ̀. Èyí tó ti dákẹ́ rọ́rọ́, àyà la ó máa tẹ̀, a ó máa gún un ní adrenaline, oògùn tó ń ta ọkàn jí, a ó sì máa wá ohun tó dá a dúró. Mo sọ ọ́ tán, ọkọ mi wò mí, ó ní: "O ti gba ẹkún yẹn lọ́wọ́ mi."

Kò bínú o. Bó ṣe rọra sọ ọ́ ló dùn mí. Torí èmi náà máa ń sunkún nídìí eré wọ̀nyí, ibòmíràn ni tèmi kàn ti ń wá. Mo wo ọ̀kan nígbà kan tí dókítà ń lọ bá ẹbí òkú sọ̀rọ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ kín-ín-kín létí bàtà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó nù ún. Kò sọ nǹkan kan. Mi ò mọ̀gbà tí mo bú sẹ́kún. Ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn! Ẹ̀jẹ̀ èèyàn wọn ò gbọ́dọ̀ wà lára rẹ nígbà tó o bá ń lọ sọ fún wọn. Wàá pa fóònù. Wàá wá àga jókòó, o ò ní dúró lé wọn lórí. Wàá sì pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ rẹ̀, pé ó ti kú. Tó o bá ní "ó ti lọ", ẹnì kan nínú wọn lè béèrè pé ibo ló lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu o, ọdún mọ́kànlá ò tíì mú un fúyẹ́ fún mi.

Ìbéèrè mi rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó, ṣé àṣìṣe iṣẹ́ máa ń ba eré jẹ́ fún yín? Àbí bí ọkàn yín bá ti gbọ̀n, ó tán?

Àrẹ̀mọ

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má panu mọ́. Ẹ máa sọ ọ́.

Ọdún kejì rèé tí bàbá mi dákú ní wọ́ọ̀dù. Ìyá mi di ilẹ̀kùn mú, ó ń sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dáwọ́ dúró. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ láyà, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, òógùn ń kán lójú wọn. Mo dúró síbẹ̀, mo tẹjú mọ́ ojú bàbá mi, mò ń retí kó lajú kó pe orúkọ mi. Tẹlifíṣọ̀n ló fi ìrètí yẹn sí mi lọ́kàn, mi ò rí i kọ́ níbòmíràn. Ìró kan wà tó jáde láyà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Títí dòní ni mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo gbà pé wọ́n ṣe é léṣe ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kàwé kiri. Lọ́dún 1996, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Wọ́n jókòó wo ètò tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, ER, Chicago Hope àti Rescue 911, wọ́n ń ka iye ẹni tí wọ́n tẹ̀ láyà nínú wọn. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọjí lójú ẹsẹ̀, 67 ló sì dà bíi pé ó rí ilé padà. Nínú ayé tí à ń gbé yìí, tí ọkàn èèyàn bá dúró níta ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yè é. Kódà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, àwọn tó ń kú pọ̀ ju àwọn tó ń lọ sílé lọ dáadáa. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù lára àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ nínú eré yẹn, nígbà tó jẹ́ pé àgbà tí àrùn ọkàn ń bá fínra, irú bàbá mi, ló ń ṣẹlẹ̀ sí jù.

Ká ní mo ti rí eré kan ṣoṣo tó fi ìyẹn hàn mí bó ṣe rí, mi ò bá ti gbọ́ ti ìyá mi. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni o, àṣìṣe wọn ń bà á jẹ́ fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Karùn-ún

Àrẹ̀mọ, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, ẹ kú àmúmọ́ra.

Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, kì í ṣe pé mò ń gbèjà wọn. Òṣèré tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, alààyè ni. Tí a bá máa tẹ àyà bó ṣe yẹ, ó gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó kéré tán, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ò jẹ́ ṣe ìyẹn fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i tí wọ́n ń ká ìgúnpá, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni ń to ìrọ̀rí. Ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni fọ́tò X-ray tí wọ́n á gbé kọ́ sódì, tí ọkàn á wá bọ́ sápá ọ̀tún, tàbí stethoscope, ohun tí a fi ń gbọ́ ìlù ọkàn, tí wọ́n á kì bọ etí sódì. Ṣe ló yẹ kí ẹnu rẹ̀ tó ń wọ etí kọjú síwájú, síhà imú. Ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n lè tún un ṣe fún wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Àmọ́ mi ò gbà pé a gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan ká fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ wo abala ER kan tó jáde lọ́dún 1995. Aláboyún kan wọlé wá, dókítà Greene ní àpò ìtọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni. Obìnrin náà padà wá pẹ̀lú gìrì, ọmọ yè, ìyá kú. Ohun tó fi ń gún mi lọ́kàn ni pé kò sí ìkà níbẹ̀, kò sí ọ̀lẹ. Dókítà tó mọṣẹ́ ni, nǹkan kékeré kan ló fò ó. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé tí mò ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́, mi ò sì lè dé ojú ewé yẹn kí n má rántí rẹ̀.

Ẹ tún wo The Pitt, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Abala 15 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí kan nínú iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Noah Wyle tó ṣe ọ̀dọ́ dókítà Carter nínú ER náà ló wá di ọ̀gá níbẹ̀. Orin inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo ti sunkún kí n tó fura, torí kò sí dùùrù tó ń sọ fún mi pé àsìkò ẹkún ti tó.

Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Kíndìnrín àbúrò mi ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ là ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́jọ gbáko. Tó bá ti sùn tí ẹ̀rọ ń yí, èmi á tan Grey's Anatomy lórí fóònù. Láti 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò lè tán lójú èèyàn. Tí wọ́n bá dárúkọ oògùn, mi ò mọ̀ bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, mi ò sì bìkítà. Ojú ẹni tó jókòó ti aláìsàn ni mò ń wò. Ó ń ṣe mí bíi pé a wà níbẹ̀ pọ̀, èmi àti ẹni yẹn.

Àmọ́ ìjà kan ṣoṣo tí mo ní pẹ̀lú wọn ni pé kò sẹ́ni tó ń dúró de nǹkan nínú eré wọn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, èsì ti dé. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo mọ iye páànù tó wà lókè àjà yàrá yẹn. Mo mọ èyí tí omi ti yí lára nínú wọn. Kò sí eré tó tíì fi ìyẹn hàn mí rí.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo kà á lójú iṣẹ́ lóru, mo sì ní láti wá ibi jókòó.

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀dùn tèmi náà ti i lẹ́yìn: dókítà ló ń ṣe gbogbo nǹkan nínú eré wọ̀nyẹn. Òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀, òun ló ń ti bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń jókòó ti aláìsàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nọ́ọ̀sì á kàn gba ẹ̀yìn kọjá pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ta ló wá ń yí aláìsàn padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó?

Ọmọ mi Àkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ dùùrù yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti kà á fún ọkọ mi. A ti jọ ṣàdéhùn pé mi ò ní sọ̀rọ̀ títí eré á fi parí, lẹ́yìn náà ni òun á bi mí léèrè. Lánàá, ìbéèrè mẹ́sàn-án ló bi mí.

Àrẹ̀mọ, àbúrò mi, tìẹ ló gbé mi dìde. Ìró tó o gbọ́ yẹn, egungun ìhà ni. Ó máa ń kán lábẹ́ ọwọ́ wa, lára àgbà pàápàá, kódà tí a bá ń ṣe é bó ṣe yẹ. Mo mọ bó ṣe máa ń rí ní àtẹ́lẹwọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ tèmi, mo fẹ́ dáwọ́ dúró, ọ̀gá mi ló kígbe pé kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Wọn ò ṣe bàbá yín léṣe. Tí ọkàn bá dúró, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni èèyàn ti ń dákú, nítorí náà bàbá yín ti dákú kí ìró yẹn tó jáde. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn náà, ẹ má gbé e rù ara yín. Dókítà tó ń darí ló máa ń sọ ìgbà tí ọwọ́ máa dúró. Ọmọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lè bẹ̀bẹ̀, ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe nìyẹn, àmọ́ ìpinnu yẹn ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àrẹ̀mọ

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa lọ kà á sétí ìyá mi lálẹ́ òní.