Ìdìmú àbí ìgbámú: ọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń mú bátì kíríkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi,

Mo rí àbá tó ní kí a máa pe bí a ṣe ń mú bátì kíríkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú eré náà, ní "ìgbámú", ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Olè ni à ń gbá mú, adìẹ tó ń sá lọ ni à ń gbá mú. Ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹni, dídì la ń dì í mú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, alátakò tó wà lórí pápá náà ń gbá bọ́ọ̀lù mú kó tó balẹ̀, kí ẹni tó gbá a lè jáde. Bí a bá ti ná "ìgbámú" fún bátì, kí ni a ó pe tirẹ̀?

Mo fara mọ́ "ìdìmú", àmọ́ kì í ṣe fún ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ òkè, ìyẹn èyí tó jìnnà sí ara bátì jù, ló ń di bátì mú ṣinṣin. Ní ọwọ́ ìsàlẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, títọ́ ni wọ́n sì ń tọ́ bátì sọ́nà, nítorí bí ọwọ́ yẹn bá fún un pinpin, ojú bátì á yí, bọ́ọ̀lù á sì gba ibi tí a kò rán an lọ. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìfìkatọ́" fún un.

Ní ti ibi tí ọwọ́ ń dì mú, "èèkù" dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ eré náà a máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ bátì sílẹ̀, kó fọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni tó fẹ́ fi àáké la igi. "Ẹ̀rú" ló bá a mu, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé pàǹkẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, tí wọ́n ń kì í bọ inú igi ara bátì.

Ẹ jọ̀wọ́, ká má kọ "ọwọ́ òsì" dípò "ọwọ́ òkè", torí ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù nìkan ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ń wà lókè; ti ẹni tó ń fọwọ́ òsì gbá a yí padà. Ọwọ́ òsì ni Adam Gilchrist, agbákíríkẹ́ẹ̀tì Ọsirélíà nígbà kan, máa ń fi sí ìsàlẹ̀. Inú ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì yẹn ló sì ki bọ́ọ̀lù squash, bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, sí ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2007 ní Barbados, níbi tó ti gba ayò (run) 149 lórí bọ́ọ̀lù 104 lọ́wọ́ Sri Lanka. Pẹ̀lú bọ́ọ̀lù yẹn ní àtẹ́lẹwọ́, ìka yòókù kò ráyè fún ẹ̀rú pa.