Kí ni kí àwọn apẹja erékùṣù mi fi dúró níwájú àwọn alágbára?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtàn àròsọ kan ni mò ń kọ. Mo dá orílẹ̀-èdè erékùṣù kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, Òkunlọlá, níbi tí ọkọ̀ elépo ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru. Apẹja ni wọ́n, wọn ò ní ológun kankan. Orílẹ̀-èdè ńlá méjì wá ń du èbúté wọn.

Mo kọ́kọ́ wo Diego Garcia, erékùṣù kan nínú Òkun Íńdíà, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò kí Amẹ́ríkà lè rí ibùdó ológun kọ́. Bí mo bá tọ ọ̀nà yẹn, ìtàn mi á parí ní orí kejì. Mo tún wo Iceland, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní àríwá Yúróòpù. Àwọn náà ò ní ológun, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fa ààlà omi wọn dé 200 máìlì orí òkun ní 1975, ṣe ni ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ wọn ń wọ́ irin mímú kọjá lẹ́yìn ọkọ̀ apẹja Gẹ̀ẹ́sì, tí á gé okùn àwọ̀n, àwọ̀n tẹja tẹja á sì rì. (Ó dùn mọ́ mi, mi ò purọ́.) Wọ́n tún halẹ̀ pé àwọn á kúrò nínú NATO, ẹgbẹ́ ààbò tí àwọn, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà jọ wà. Ní 1976, Gẹ̀ẹ́sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tèmi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan tí wọ́n lè fi halẹ̀. Mo rò ó pé kí wọ́n háyà èbúté náà fún ẹni tó bá san jù, àmọ́ ta ló máa lé ayálégbé tó ní ìbọn lọ́wọ́?

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan: kí ni wọ́n lè dì mú tí àwọn méjèèjì ò fi ní lè fipá gba èbúté náà, tí òǹkàwé á sì gbà gbọ́?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.