Ta ló kọ́ ìwé lọ́dọ̀ Màmá Tíṣà n'Iléṣà?

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà nílé lóko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Màmá wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tíṣà, ti papò dà lẹ́ni ọdún 89. Inú 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, tí ọmọ kún kíláàsì fọ́fọ́. Bí bàbá kan bá ní kí ọmọbìnrin òun fi ìwé sílẹ̀, Màmá á bá a dé oko kòkó lọ bẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn, ilé wa ni wọ́n gbé títí wọ́n fi jáde ìwé mẹ́fà. Àwọn gan-an ni mo ń wá jù.

A ò ní fọ́tò Màmá kankan ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ a fẹ́ fi sínú ìwé ìsìnkú. Ta ni wọ́n kọ́ n'Iléṣà, Ìbòkun tàbí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà? Fọ́tò ni o, ìtàn ni o, ẹ bá mi fi ránṣẹ́.