Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ máa ta ẹja òkun tí a ti yọ eegun rẹ̀

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ṣúrùlérè ni mo wà. Títù àti pánlá ni mo ń tà, ṣùgbọ́n àwọn alásè ti ń bèèrè kroka àti kúta dídì tí kò ní eegun. Ṣé kí n ra èyí tí wọ́n ti rẹ́ sínú páálí ni, àbí kí n ra odindi kí n máa rẹ́ ẹ fúnra mi? Báwo lẹ ṣe ń bu owó lé e? Owó àjọ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ kó wọgbó.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjọ̀rà: Ọmọ mi, odindi ni kó o rà. Èyí tí wọ́n ti rẹ́, yìnyín tí wọ́n fi bò ó lára máa ń wà nínú ìwọ̀n. Bó bá yọ́ tán, wàá rí i pé omi lo fowó rà. Ní kí wọ́n ṣí páálí lójú ẹ ní cold room. Wo ìsàlẹ̀: bí omi ẹ̀jẹ̀ bá dì jọ sí igun kan, ẹja yẹn ti yọ́ rí. Má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ dín owó fún ẹ.

Alásè: Òótọ́ ni màmá sọ. Ìṣirò ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Kroka kílò 10, bí orí, eegun àti ìfun bá kúrò, bíi kílò 4 ló ń kù, nígbà míì kì í tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ₦4,000 lo ra kílò kan (àpẹẹrẹ ni o), kílò aláìleegun ti di ₦10,000 kó o tó san owó ọkọ̀, nylon àti iná. Má da orí nù: àwọn tó ń se ata ẹja ń wá a lójú méjèèjì.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé fìríìsà ilé tó?

Oníyìnyín: Ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀, bó bá lè tutù dé -18°C. Jẹ́ kí omi dì nínú ife, gbé kọ́bọ̀ kan lé yìnyín náà lórí, kó o fi í sáàárín ẹja. Ọjọ́ tó o bá rí i pé kọ́bọ̀ ti rì, iná ti lọ pẹ́ lẹ́yìn ẹ nìyẹn. Títù ni kó o ṣọ́ jù: bó bá ti gbóná pẹ́, oró tó ń yọ lára rẹ̀, sísè kì í pa á. Bó o bá sì fẹ́ lẹ orúkọ mọ́ nylon kó o gbé e lọ sí supermarket, nọ́ńbà NAFDAC ni wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè.

Olùbéèrè: Mo ti gbọ́, ẹ̀yin àgbà. Páálí kroka kan ni màá fi bẹ̀rẹ̀, tí màá tà fún àwọn alásè nìkan. Màmá Ìjọ̀rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró ti páálí náà bí wọ́n bá ń ṣí i.