Ta ló ri àwọn òkúta ìrántí mọ́ ojú ọ̀nà Oregon?

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò òkúta kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní wọ́n fi ń rántí àwọn tó gba orí òkè kó lọ sí Oregon, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, láyé ọjọ́un. Ṣé ìjọba ló ṣe é ni?

— Ìjọba kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, ẹ lọ wo Ezra Meeker. 1852 ló bá ọ̀nà yẹn lọ pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, ìgbà tó wá darúgbó, ẹni ọdún 75, ló tún so màlúù mọ́ ọmọlanke ní 1906 tó ń padà bọ̀ síhà ìlà oòrùn, ìlú tó bá dé á ní kí wọ́n ri òkúta mọ́lẹ̀ kí ọ̀nà yẹn má bàa parẹ́. Ó ṣe ọ̀kan sí South Pass ní Wyoming, níbi tí wọ́n ti ń la òkè Rocky kọjá. Bàbá yẹn lágídí, mo gba tiẹ̀.

— Ti àwọn Donner, àwọn arìnrìn-àjò tó ń kó lọ sí California, ló ń bà mí lẹ́rù. Yìnyín há wọn mọ́ òkè Sierra Nevada láàárín 1846 sí 1847, ọ̀pọ̀ kú. Ère tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1918, ìpìlẹ̀ ẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 22, wọ́n ní ibi tí yìnyín ga dé nìyẹn!!

— Òkè Ìdànrè tó wà nítòsí wa yìí ńkọ́, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè. Ẹ gbéra lọ jàre.

— Ẹ ṣé gan-an. Màlúù Meeker yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n dé?

— Ọ̀kan kú ní Nebraska, ó wá òmíràn, ó ń lọ.