Ẹ má da adádúró pọ̀ mọ́ ayàbàrá

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń fà látàárọ̀, mo sì fẹ́ dá sí i kó tó tutù. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó bí ìjà ni pé mo kọ àwọn àwo orin ọdún 2024 tí mo fẹ́ràn jù síta, mo pè wọ́n ní "indie àti alternative" bí gbogbo ayé ṣe ń pè é, ìyẹn orin àwọn tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá àti orin tí kò dún bí èyí tó wọ́pọ̀, ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní ṣebí tìtorí Yorùbá la ṣe kóra jọ, kí ló dé tí mi ò lè fi Yorùbá pè é, wọ́n ní ká máa pe indie ní "orin òmìnira", ká máa pe alternative ní "orin àfirọ́pò", ó parí. Àǹtí kan ní rárá o, "orin aládàáni" ló yẹ, kó kúkú kó méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò gbà. Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká tún un wò.

Ẹ sọ fún ọmọ Ìbàdàn pé orin òmìnira lẹ fẹ́ gbọ́, orin October 1 ló máa gbé fún yín, èyí táwọn ọmọ iléèwé fi ń yan bí ológun. Aládàáni ńkọ́? Iléèwé aládàáni, ọsibítù aládàáni, ibi tí wọ́n ti ń gbowó gọbọi lọ́wọ́ ẹni ni létí àwa èèyàn Bódìjà. Àfirọ́pò ló tiẹ̀ burú jù, torí ohun tẹ́ ẹ bá pè ní àfirọ́pò, nǹkan míì ti lọ kó tó débẹ̀, ó ti bàjẹ́ tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́ lórí pápá. Ta ni The Cure, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, wá rọ́pò? Orin tó wà lójú títì ṣì wà lójú títì, kò lọ ibì kankan, àwọn kan ló kàn ní àwọn ò gba ọ̀nà yẹn.

Ibi tí mo ti rò pé gbogbo wa ń ṣìnà ni pé a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan mú nǹkan méjì. Indie, ọ̀rọ̀ ta ló ni ín ni. Alternative, ọ̀rọ̀ báwo ló ṣe ń dún ni. Ní oṣù January 1977, Buzzcocks, àwọn olórin ọmọ Manchester, yáwó lọ́wọ́ ẹbí àtọ̀rẹ́, wọ́n fi tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù Spiral Scratch jáde fúnra wọn, wọ́n pe ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New Hormones, kò sí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá bí EMI kankan tó bá wọn dá sí i. Rough Trade tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù ní London láti 1976 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rẹ́kọ́ọ̀dù tiẹ̀ náà jáde ní 1978, nígbà tó di 1980 àwọn òyìnbó ti ń to àwo indie sórí àtẹ tiwọn lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n sì ń wò kí àwo tó lè wọ ibẹ̀ ni ọwọ́ ta ló gbà dé ọjà, tí kì í bá ṣe ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ó wọlé nìyẹn. Ì báà jẹ́ ijó, ì báà jẹ́ ariwo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn da á rú, ìwé ìròyìn orin kan tó ń jẹ́ NME gbé kásẹ́ẹ̀tì C86 jáde ní 1986, látìgbà náà, tí wọ́n bá ti gbọ́ gìtá tó ń dún háún-háún àti ọmọkùnrin tó ń fi imú kọrin, "indie nìyẹn". Ìdàrúdàpọ̀ tiwọn ni, kò sídìí tá a fi máa rà á wọlé.

Ìyẹn ni mo ṣe ní ká lo "adádúró" fún indie. Ẹ lọ sí Agbẹ́ní tàbí Bẹẹrẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ tó ti ṣe fíríídọ̀mù, á ní "mo ti dá dúró". Kò sọ pé aṣọ tí òun ń rán yàtọ̀ sí ti ọ̀gá òun o, bùbá kan náà ni, ṣòkòtò kan náà ni, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ni, owó tó bá wọlé tiẹ̀ ni, gbèsè tó bá jẹ tiẹ̀ ni. Indie gan-an nìyẹn, kò lé kò dín. Àwọn olórin wa náà ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, onílù tó bá kúrò lẹ́yìn ọ̀gá ẹ̀ tó kó ẹgbẹ́ tiẹ̀ jọ, wọ́n á ní ó ti dá dúró.

Ohun náà fúnra ẹ̀ sì ti wà níbí kí Manchester tó gbọ́ nípa ẹ̀. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá alápàlà àti I.K. Dáíró oníjùjú fowó pọ̀, wọ́n dá STAR Records sílẹ̀, àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín. Ọdún 8 gbáko ṣáájú Spiral Scratch. Láàárín àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ ò wọ̀ mọ́ láàárín Sunny Adé àti African Songs, ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn jáde, wọ́n jáde, wọ́n dá Sunny Alade Records sílẹ̀. Níbí lọ́dọ̀ wa ní Challenge, Yínká Ayéfẹ́lẹ́ kọ́ Music House, sítúdíò wà níbẹ̀, rédíò Fresh FM wà níbẹ̀, ẹ wí fún mi, adádúró wo ló tún kù? Àmọ́ ẹ pe tùǹgbá wọn ní indie lójú àwọn ọmọ Yunifásítì tó ń gbọ́ orin òyìnbó, kẹ́ ẹ wo ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ti di ti ohùn lẹ́nu wọn, tí kì í ṣe ti ẹni tó ni í mọ́, mo sì rò pé tiwa máa mọ́ ju tiwọn lọ.

Àbúrò kan ní kí ló dé tí kì í ṣe "àdáṣe". Ó gbìyànjú, àmọ́ òwe ti ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ tipẹ́, àdáṣe ní í hun ni, àjọṣe kì í hun ni, tó o bá pe orin èèyàn ní àdáṣe, o ti bú u kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku alternative. Èyí tí mo mú wá ni "ayàbàrá". Orin tó ń bọ̀ lójú títì tó wá yà bàrá. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ẹni tó bá yà bàrá ti ṣìnà, ó dáa, mo gbà, àmọ́ ṣebí ohun tí ìyá wa ń sọ nìyẹn gan-an tí wọ́n bá gbọ́ orin yìí nínú yàrá wa? Ọ̀rọ̀ náà rántí ojú títì, ìyẹn ló wù mí nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè yà kúrò lójú ọ̀nà tí kò sí.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn àwo ọdún yẹn dán an wò. Èyí tó wà lókè pátápátá lọ́dọ̀ mi ni Diamond Jubilee ti Cindy Lee, ọmọ Canada kan tó ń jẹ́ Patrick Flegel ló ń fi orúkọ yẹn kọrin. Orin 32, wákàtí 2. Nígbà tó jáde ní March 2024, kò sí lórí Spotify, kò sí lórí Apple, orí YouTube ló wà àti ojúlé wẹ́ẹ̀bù kan tó rí bíi ti ayé àtijọ́ tí wọ́n ti lè dáńlóòdù ẹ̀ ní fáìlì WAV, tẹ́ ẹ bá sì mọ bí WAV ṣe máa ń wúwo, ẹ mọ ohun tí dátà mi fojú rí. Orí WiFi ọ̀rẹ́ kan ní Àgbowó ni mo ti parí ẹ̀. Ohùn ibẹ̀ jìnnà, gìtá á máa yọ́ lọ, orin á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dùn, á dá, òmíì á gba ọwọ́ ẹ̀. Adádúró ni, ayàbàrá ni, kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Only God Was Above Us ti Vampire Weekend, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà, ńkọ́? Gbogbo èèyàn ń pè wọ́n ní indie títí dòní torí pé XL, ilé iṣẹ́ adádúró, ló gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2008, bẹ́ẹ̀ Columbia ló gbé ti 2024 jáde, Sony tó jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló sì ni Columbia. Ayàbàrá ni wọ́n, wọn kì í ṣe adádúró mọ́, wọ́n ti padà sábẹ́ ọ̀gá. Àwo náà dùn o, mi ò bú wọn. Bákan náà ni The Cure, Songs of a Lost World, tó jáde ní November, àwo tuntun wọn àkọ́kọ́ látọdún 2008, Universal, ilé iṣẹ́ ńlá míì, ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Orin 8 péré. Nínú "Alone" tó ṣíwájú, ó lé ní ìṣẹ́jú 3 kí Robert Smith tó ń kọrin fún wọn tó lanu, àwọn òyìnbó ń pariwo pé sùúrù ni, sùúrù ni, ẹni tó bá ti gbọ́ ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù Obey láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò ní rí nǹkan ìyanu kankan níbẹ̀.

Òdìkejì ni Ezra Collective, Dance, No One's Watching. Ọmọ London ni wọ́n, Fẹ́mi Kọ́léoṣó ló ń lulù, TJ àbúrò ẹ̀ ló ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì, Partisan tó jẹ́ ilé iṣẹ́ adádúró ló gbé e jáde, orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ "Ajala", ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń sọ, Àjàlá tó rìn kárí ayé. Ijó ni látòkèdélẹ̀, jáàsì tí Fẹlá ti fọwọ́ kàn. Adádúró ni, àmọ́ ibo ló yà sí? Ojú títì wa gan-an ló ń rìn.

Èyí tó wá dà mí láàmú jù ni ti Mdou Moctar, Funeral for Justice. Ọmọ orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ ni, ẹ̀yà Tuareg, èdè Tamasheq ló fi ń kọrin, Matador, ilé iṣẹ́ adádúró kan, ló gbé àwo náà jáde ní May. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe okùn gìtá tó kọ́kọ́ ṣe fúnra ẹ̀. Orí mẹ́mọ́rì káàdì ni orin ẹ̀ ti kọ́kọ́ tàn káàkiri aṣálẹ̀, láti fóònù dé fóònù, báwa náà ṣe ń gbé káàdì lọ fáwọn ọmọ tó ń dáńlóòdù orin ní Ìwó Road kí dátà tó wọ́pọ̀. Lọ́jọ́ kan nínú Máíkírà láti Bódìjà sí Dùgbẹ̀, etí kan íyáfóònù mi já bọ́, dẹ́rẹ́bà ní kí ni mò ń gbọ́, mo fi etí kejì lé e lọ́wọ́ níbi tá a ti há sí gòsúlóò ní Mọ́kọ́lá, ó gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní "àwọn èèyàn òkè ọ̀hún nìyí, ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe ni?" Kò mọ èdè náà, kò mọ̀ pé àwọn Faransé tó jẹ gàba lé wọn lórí ni ọkùnrin náà ń bá wí nínú àwo ọ̀hún, àmọ́ ó gbọ́ ìgbéyàwó, ó sì gbọ́ ọ dáadáa, torí lágbo ìyàwó ni wọ́n ti ń ta irú gìtá yẹn ní Agadez lọ́hùn-ún ní Nìjẹ̀. Ìyẹn ni pé ojú títì ló wà nílé ẹ̀, ìgbà tó dé New York ló di ayàbàrá. Ṣé ẹ rí i? Ayàbàrá kì í ṣe ara orin náà, ibi tí ẹni tó ń gbọ́ ọ dúró sí ni. Alternative ò sọ ìyẹn fún yín rí, ó kàn ń díbọ́n bíi pé ojú títì kan ṣoṣo ló wà láyé.

Ti "alté" tí ẹnìkan mú wá, alternative tí wọ́n gé kúrú, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Èkó ni, Boj ti ẹgbẹ́ olórin DRB Lasgidi ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó gbé e jáde, àwọn olórin bí Odunsi, Cruel Santino àti Lady Donli ló wá gbé e lárugẹ. Orúkọ ẹgbẹ́ ni, irú aṣọ, irú irun, irú ọ̀rẹ́, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ. Àmọ́ ẹni tó ní ká yọ l kúrò ká kọ ọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó wò, ó kù díẹ̀ kó di àtẹ́, ọbẹ̀ tí ò níyọ̀, àwọn àgbà tó ti ń wá ohun tí wọ́n máa bu ẹnu àtẹ́ lù sì pọ̀ nílùú.

"Àwo" tá a fi ń pe album ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Pé kò sí rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ò ní ká má pè é ní àwo, kò sẹ́ni tó ń da ọ̀rọ̀ yẹn rú lẹ́nu.

Shoegaze, orin gìtá aláriwo tí àwọn tó ń ta á máa ń tẹjú mọ́lẹ̀ bíi pé bàtà wọn ni wọ́n ń wò, ni kẹ́ ẹ bá mi wá nǹkan sí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀gbọ́n ti ní "orin awobàtà", mo sì mọ̀ wọ́n, tá ò bá tètè rí òmíì wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé.